Ẹja Aláwọ̀ Mèremère ní Agoua

Ẹja tí kò gùn tó ìka ọmọdé ni gọ́pì. Akọ rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ; abo a máa gùn jù ú lọ díẹ̀, ó lè tó márùn-ún tàbí mẹ́fà. Abo náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára: àwọ̀ eérú ni, bí omi tí a fi ṣan ìkòkò. Ṣùgbọ́n akọ! Ìrù rẹ̀ a máa fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. A máa pupa, a máa dán bí aró tútù, a máa ní àmì dúdú roboto bí ẹyinjú, àwọn mìíràn sì ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i nínú gíláàsì a rò pé ẹnìkan ni ó mú ọ̀dà kùn ún.

Ilẹ̀ wa kọ́ ni ó ti wá. Venezuela, erékùṣù Trinidad àti agbègbè wọn, ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ilé rẹ̀. Ará Jámánì kan, Wilhelm Peters, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní ọdún 1859: Poecilia reticulata. Ní ọdún 1866, Albert Günther ní London fi orúkọ Robert John Lechmere Guppy pe irú ẹja kan náà, nítorí pé ọkùnrin yìí ni ó fi í ránṣẹ́ láti Trinidad. Àwọn onímọ̀ ti padà sí orúkọ tí Peters sọ ọ́, ṣùgbọ́n ti Guppy ni gbogbo ayé ń pè. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Agoua, àwọn ọmọ kíláàsì ti sọ ọ́ ní “ẹja ìyàwó”, nítorí aṣọ tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ akọ ni ó ń ṣe ọ̀ṣọ́! A ti ṣàlàyé títí, orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wọn.

Agoua tí a ń wí yìí wà lábẹ́ Bantè, ní ẹkùn Collines, kò jìnnà sí ààlà Togo. Òun ni igbó tí ìjọba fi òfin dè, forêt classée d'Agoua, fi ń jẹ́ orúkọ. Ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ni ó tọ́ àwa tí a ń kọ̀wé yìí. SVT ni a ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti ń lọ sí ogún ọdún tí a ti ń fi ẹfun ya cycle de l'azote sára pátákó pẹ̀lú ọfà àti àkámọ́. Àwọn ọmọ a kà á lórí bí àdúrà, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé. Nítorí náà ni a ṣe wá àpótí gíláàsì kan sí igun kíláàsì, ní ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ń dé ṣùgbọ́n tí ti ọ̀sán kì í dé. Ọgọ́ta lítà omi ni ó gbà. Káfíńtà ni ó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, onígíláàsì ni ó lẹ ara rẹ̀ pọ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, omi nìkan ni ó wà nínú àpótí náà, pẹ̀lú iyanrìn tí a fọ̀ àti ewéko omi díẹ̀. Lójoojúmọ́ ni a ń fi ìka mú ìyẹ̀fun edé gbígbẹ díẹ̀, tí a ń ju sínú rẹ̀ bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá ń fún iwin lóúnjẹ.” Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó kù sílẹ̀ a máa jẹrà, wọn a di amóníà, májèlé ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan a sọ amóníà di nitrite. Májèlé ni èyí náà. Àwọn kòkòrò mìíràn a tún sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóró, tí ewéko sì ń jẹ. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í dé lọ́jọ́ kan. Wọ́n nílò nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá bu omi sínú àpótí lónìí, tí ó kó ogún ẹja sí i lọ́la, kí ó má ṣe ní wọ́n fi nǹkan ṣe òun bí wọ́n bá kú lọ́jọ́ kẹjọ.

A sọ gbogbo èyí ní Faransé, ojú àwọn ọmọ ń wo fèrèsé. A wá bi wọ́n ní Yorùbá pé: “Bí ìyá yín bá kó ìgbẹ́ adìẹ láti inú àgò lówùúrọ̀, ṣé ó lè dà á sídìí àgbàdo lójú ẹsẹ̀?” Kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Rárá o! Yóò jó o.” “Kí ni ó ń ṣe sí i?” “Ó ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹrà dáadáa lórí ààtàn.” Ó parí. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí ààtàn ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú iyanrìn àpótí náà. Láti ọjọ́ yẹn, cycle de l'azote ti ní orúkọ mìíràn ní kíláàsì wa, “ọ̀nà ààtàn”, a sì ti rí i lórí ìwé ìdánwò kan, tí ọmọ náà fa igi lé e kí ó tó kọ ti Faransé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A wò ó pé kò yẹ kí ó fa igi lé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ẹja dé. Ọmọ kan tí a kọ́ nígbà kan rí, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu báyìí, ni ó gbé mọ́kànlá wá fún wa, akọ mẹ́rin àti abo méje, nínú ike omi kan tí ó fi aṣọ tútù wé kí oòrùn má baà sè wọ́n lójú ọ̀nà. Ìlànà tó dára ni èyí, kí abo pọ̀ ju akọ lọ, nítorí akọ gọ́pì kì í fi abo lọ́rùn sílẹ̀. Bí abo kan ṣoṣo bá wà láàárín akọ mẹ́ta, wọn yóò lé e títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá.

Omi ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí a yọ ìdá mẹ́rin omi àpótí náà dànù, kí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀: lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìgbà òjò, kí ni lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbóná janjan, ìlà ike omi tí ó ń dúró nídìí pọ́ńpù a máa gùn dé ọ̀nà. Ìyá àgbà kan rí àwọn ọmọ wa pẹ̀lú garawa wọn, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ta ni ó fẹ́ mu omi yìí?”

“Ẹja ni, Màmá.”

“Ẹja tí ẹ ó jẹ?”

“Rárá, Màmá. Ẹja wíwò ni.”

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ẹja wíwò. Àwa tí a ti wà níbí láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ, àwa náà ń wò.”

Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún wa, a kó kíláàsì jọ. Kò sí ẹni tó lè bá ìyá yẹn jiyàn lórí omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ó wà níwájú wa ni pé bóyá kí ẹja máa wà láìgba ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí kí wọ́n padà sí Kútọnu. Àwọn ọmọ ni wọ́n rí ọ̀nà. A ṣe ọ̀pá ìgbomi sí etí òrùlé kíláàsì, a sì gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, a fi àwọ̀n tó kéré lójú bò wọ́n nítorí ẹ̀fọn. Omi òjò ni ẹja ń lò títí di ìgbà tí òjò mìíràn yóò dé. Èyí tí a bá sì yọ kúrò nínú àpótí, tí ó ti kún fún nitrate, a kì í dà á sílẹ̀: a máa ń gbé e lọ sí orí ebè tí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gbin ata àti tòmátì wẹ́wẹ́. Ìyá àgbà náà wà lára wọn. Ó ti ní ata òun dára lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n kò tíì yìn ẹja.

Omi òjò ní àbùkù kan. Kò ní ohun líle kankan nínú, gọ́pì sì fẹ́ràn omi tó ní ẹfun díẹ̀. Àwọn tó wà nílùú ńlá a máa ra òkúta funfun inú òkun. Àwa ń se ìkarahun ìgbín, a ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, a ń dì í sínú aṣọ pélébé, a sì ń fi sí igun àpótí. Ìgbín kò wọ́n ní Agoua.

Ní ti àwọ̀, ìbéèrè tí gbogbo àlejò ń béèrè ni pé kí ni a ń fi kùn wọ́n. Oúnjẹ ni. Dúdú ara gọ́pì, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Dídán bí aró, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà lára ìpẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ọsàn àti ọ̀pọ̀ pupa rẹ̀ wá láti inú ohun tí a ń pè ní caroténoïdes, ẹja kò sì lè ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ohun kan náà ni ó wà nínú ìbẹ́pẹ pípọ́n, nínú kárọ́ọ̀tì, nínú èépá edé, nínú epo pupa tí ó ń kun ọbẹ̀ wa. (A kì í da epo sínú omi ẹja o, yóò bo ojú omi, ẹja kò sì ní rí atẹ́gùn mí. A sọ èyí nítorí pé ẹnìkan ti béèrè.) Ní odò ìbílẹ̀ wọn, èéhù aláwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta ni wọ́n ti ń rí i. Nítorí náà a máa ń ha gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n a fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ kí èéhù bò ó. Àlejò tó mọ́ tónítóní a máa rò pé ọ̀lẹ ni wá. Ẹja mọ ìdí rẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu họ ọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ìdin ẹ̀fọn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí a bá da síbí kan sínú omi, ojú ẹni kò ní tó o kí ó tó tán. A tún ń fún wọn ní edé tí a gún kúná, ẹyin sísè tí a fi orí abẹ́rẹ́ mú, tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀ tí a sì gé wẹ́wẹ́, àti ìbẹ́pẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kí a tó ka ọgọ́fà. Búrẹ́dì kò wọ ibẹ̀. Oúnjẹ àjẹkù ti pa ẹja ju ebi lọ.

Ìdí tí akọ fi ń ṣe gbogbo aájò yìí kò ju pé abo ni ó ń yan. Ní ọdún 1989, Astrid Kodric-Brown fi hàn pé akọ tí a fún ní caroténoïdes nínú oúnjẹ ni abo ń fẹ́ ju èyí tí a kò fún lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ ní owó-orí. John Endler, tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Trinidad, rí i pé ní ibi tí ẹja apẹja-jẹ bá pọ̀ sí, akọ gọ́pì kì í ní àwọ̀ púpọ̀, nítorí èyí tó bá tàn jù ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé mì. Níbi tí ewu kò sí, lókè omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, ni wọ́n ti ń tàn. Ó kó díẹ̀ láti ibi ewu lọ sí ibi tí ewu kò pọ̀, láàárín ọdún méjì péré, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti ń tàn ju àwọn baba ńlá wọn lọ. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1980. Nígbà tí a sọ ọ́ ní kíláàsì, ọmọkùnrin kan ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní alùpùpù tuntun ṣe ń fi í pamọ́ fún àwọn tó ń gba owó. A kò fi ìyẹn sínú ìwé àkọsílẹ̀.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá àwọ̀. Ìwọ̀n dígírì mẹ́rìnlélógún sí méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó bá gọ́pì lára mu. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ láti àríwá, omi inú àpótí a máa tutù lóru débi pé ẹja a kó ara wọn jọ sí igun kan, wọn a ká ìrù wọn kò bí agboòrùn tí òjò ti dá lórí rẹ̀, àwọ̀ wọn a sì ṣá. Ìgbà náà ni àìsàn tó ń fi àmì funfun bí iyọ̀ sára ẹja máa ń dìde. Kòkòrò kan ni ó ń fà á, Ichthyophthirius, tí ó ń wọ abẹ́ awọ ẹja. A kò ní ẹ̀rọ ìmúgbóná tí iná mànàmáná yóò máa gbé láìkú. Aṣọ òtútù àtijọ́ ni a fi ń bo àpótí lálẹ́, a sì ń fi ìgò omi gbígbóná tí a dé dáadáa sínú rẹ̀. Bí àmì funfun bá yọ, a ó yọ ẹja náà sọ́tọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi síbí kékeré iyọ̀ kan sí fún lítà mẹ́wàá. Gọ́pì fara da iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń yè.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Gọ́pì kì í yé ẹyin sóde. Ó ń bí ọmọ láàyè, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ogún tàbí ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá wọn a sì máa gbé èyí tí ó bá rí mì. Gbòǹgbò ojú-oró ni a fi ń dáàbò bò wọ́n: ewéko náà a léfòó, gbòǹgbò rẹ̀ a sọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n, àwọn ọmọ a sá sínú rẹ̀. Ní ọdún 1920, Johannes Schmidt, ará Denmark, kọ̀wé nípa àmì dúdú kan tó wà lára lẹbẹ ẹ̀yìn akọ gọ́pì. Gbogbo ọmọ akọ tí irú akọ bẹ́ẹ̀ bá bí ni yóò ní àmì náà. Ọmọ abo rẹ̀ kan kò ní ní i. Ọ̀kan nínú akọ mẹ́rin wa ní irú àmì bẹ́ẹ̀. A mú un, a fi í sọ́dọ̀ abo tí a ti yà sọ́tọ̀ láti kékeré, nítorí abo lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, ènìyàn kì í sì í mọ baba ọmọ bí kò bá ṣọ́ra. Nígbà tí àwọn ọmọ dàgbà, gbogbo akọ ní àmì náà.

A ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: abo ní X méjì, akọ ní X kan àti Y kan. Ìyá kò ní ohun mìíràn láti fún ọmọ ju X lọ. Bí bàbá bá fi X tirẹ̀ kún un, abo ni; bí ó bá fi Y kún un, akọ ni, àmì náà sì wà lára Y yẹn.

Ọmọbìnrin kan ní troisième dìde. Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní: “Ọ̀gá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní: “Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀wọ́.” A tún un sọ. Ó jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin márùn-ún ni ìyá rẹ̀ bí, kò sí ọkùnrin, gbogbo àdúgbò ni ó sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí obìnrin náà ní agbo ilé ọkọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá ọmọ náà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí kíláàsì ti túká. A kí ara wa, a béèrè iṣu, a béèrè kájú. Ó ní òun fẹ́ rí ẹja tí ó ní àmì. A fi baba hàn án, a fi àwọn ọmọ akọ hàn án nínú ìgò kan, àwọn ọmọ abo nínú èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́.

“Ìyá wọn ńkọ́?”

“Òun nìyí, Bàbá. Kò ní àmì kankan.”

“Ta ni ó wá jẹ̀bi?”

“Kò sí ẹni tó jẹ̀bi, Bàbá. Ó dà bí owó ẹyọ tí a dà sílẹ̀. Ọwọ́ bàbá ni ó ti ń bọ́, ṣùgbọ́n bàbá kọ́ ni ó ń yan ojú tí yóò fi dé.”

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó dúpẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. A kò mọ ohun tí ó sọ nílé, kò sì tọ́ kí a béèrè. Ọmọbìnrin náà ni ó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ẹja báyìí: ọjọ́ ìbí, iye akọ, iye abo. Iye abo ni ó máa ń kọ́kọ́ kọ.

Ẹja wá pọ̀ ju àpótí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú wá bá wa: kí a dà wọ́n sínú odò àti gbogbo ibi tí omi bá ń dúró sí, kí wọ́n lè máa jẹ ìdin ẹ̀fọn, kí ibà dín kù. Ìrònú rere ni, àwọn ìjọba púpọ̀ sì ti ṣe é ṣáájú wọn ní ilẹ̀ olóoru káàkiri. Gọ́pì wà nínú gọ́tà Èkó lónìí, àwọn olùwádìí ti kọ̀wé nípa wọn. Ṣùgbọ́n a kọ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, anófẹ́lì, fẹ́ràn ihò ẹsẹ̀ màlúù àti adágún kékeré tó ń gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹja wo ni yóò gbé ibẹ̀? Odò tí gọ́pì bá sì wọ̀, kò ní jáde mọ́, yóò máa jẹ ẹyin àti ọmọ ẹja tí àwọn baba wa ti ń pa níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohun ẹlẹ́wà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe ń di àjálù, kí ó bi àwọn apẹja Nokoué léèrè nípa jacinthe d'eau, tí òdòdó rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi kò fi rí ọ̀nà kọjá.

Àríyànjiyàn náà gùn. Àwọn ọ̀dọ́ ní a fi ẹja ṣe ahun. Níkẹyìn a fi ẹnu kò sí ibì kan: kànga símẹ́ńtì tí ọkùnrin kan tó ń ṣe bíríkì ń tọ́jú omi sí lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò ní ojú ìṣàn sí odò, tí ìdin sì ń hó nínú rẹ̀ látọdún mọ́dún. Akọ nìkan ni a kó sí i, méjìlá, ọmọbìnrin tó ń kọ àkọsílẹ̀ ni ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí abo kankan má baà bá wọn lọ. Bí àgbàrá bá tilẹ̀ gbé wọn, wọn kò ní bí ọmọ. Oṣù kẹta rèé. Ẹni tó ni kànga sọ pé òun kò rí ìdin mọ́ nínú rẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pé èyí tí a fún òun kò pupa tó ti ilé-ẹ̀kọ́, kí a bá òun fi ọ̀kan tí ìrù rẹ̀ pọ́n dáadáa kún un.